Ẹ̀yin Tó Fẹ́ Di Gbajúmọ̀ Kí Ẹ Tó Kọ́ Eré

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń sọ káàkiri pé tíátà lẹ fẹ́ ṣe, ta ló ní kí ẹ má ṣe é? Kò sẹ́ni tó dí yín lọ́nà. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú gbogbo ìbéèrè tí ẹ ń kó wá bá àwa àgbà, èyí tó yẹ kó ṣíwájú kò sí níbẹ̀. Ẹ ń béèrè pé, "Bàbá, èló ni wọ́n ń san fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀?" Ẹ ń béèrè pé, "Bàbá, ta ni kí n lọ bá tó máa tètè fún mi ní ipa gidi?" Ẹ ń béèrè iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé yín lórí Instagram kí olóòtú tó ránṣẹ́ pè yín. Ẹnìkan ò béèrè pé, "Bàbá, ọ̀dọ̀ ta ni mo ti lè kọ́ iṣẹ́ yìí?" Ẹnìkan ò béèrè! Ṣé iṣẹ́ tí ẹ ò kọ́ lẹ fẹ́ fi jẹun? Ṣé ẹ ti rí ìyàwó ojú ọ̀nà tó gbé aṣọ òkè rẹ̀ fún ẹni tí kò di abẹ́rẹ́ mú rí?

Ojú mi rí nǹkan ní lokéṣọ̀n kan. Ààfin ni wọ́n ṣètò, ọba ti gúnwà, àwọn ìjòyè ti jókòó. Ọmọkùnrin kan ni wọ́n fún ní ipa ẹmẹ̀wà. Ohun tó fẹ́ ṣe kò ju kó wọlé, kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó sì ní, "Kábíyèsí, àlejò wà lẹ́nu ọ̀nà." Ọmọ wọlé, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo kan ilẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, àyà rẹ̀ wà lókè téńté. Olùdarí ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ọwọ́ kan náà ló tún fi kan ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní aṣọ funfun tó wà lára òun, òun fẹ́ fi ya fọ́tò tí iṣẹ́ bá parí, òun ò fẹ́ kó dọ̀tí. Ẹ gbọ́ mi o! Àgbà òṣèré tó ń ṣe ọba wà lórí ìtẹ́ nínú ooru, adé ìlẹ̀kẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lórí, òógùn ń ṣàn wọ inú ẹwù rẹ̀, bàbá náà kò mira. Ọmọdé tí kò ní lanu ju ẹ̀ẹ̀kan péré lọ, aṣọ ló ń rò.

Ọmọ Yorùbá ni o. Bàbá bí i, ìyá bí i. Ṣé olùdarí ló yẹ kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí ọba ni? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kò sí ohun tó kó wá láti ilé. Ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀ nínú eré, níbo ló ti lè dọ̀bálẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ń ṣe tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe wakapáàsì. Ẹ ó dijú mọ́rí, ẹ ó ní wọ́n fojú kéré yín. Bí kò bá sí ẹni tó ń ná ọjà, tó ń ru ẹrù, tó ń kọjá lọ kọjá bọ̀, ṣé ọjà ni wọ́n yà sínú fíìmù yẹn? Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń rìn kọjá kó dà bí ẹni tó ní ibi tó ń lọ lóòótọ́, olùdarí tó gbọ́n kò ní gbàgbé ojú rẹ̀.

Mo máa ń bi ara mi pé, kí ni àwọn tó ti lọ yóò sọ tí wọ́n bá rí wa? Kí ni Ológbìn Ológbojò yóò sọ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu tí a bá ń sọ ìtàn eégún aláré ní Ọ̀yọ́ ilé? Ìdílé apidán kì í fi ọmọ lé agbo lọ́jọ́ tó bá ní òun fẹ́ jó. Ọmọ á kọ́kọ́ ru ẹrù. Á kọ́ ìjúbà, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ìdílé tó wà nílùú tí wọ́n fẹ́ wọ̀, á kọ́ òkìtì títa títí eegun rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá wò ó tó rí i pé kò ní dójú ti ìran wọn ni yóò tó wọ agọ̀. Àwa ńkọ́? Agọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Agọ̀ la kọ́kọ́ ń wọ̀, a ò júbà, a ò mọ orin, a wá ń bínú pé agbo kò pé lé wa lórí.

Kí ni Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà, yóò sọ? Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, ó tún ṣe ọlọ́pàá. Ní 1944 ó gbé eré ìjọ jáde l'Ékòó, ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nítorí eré. Iṣẹ́ ìjọba nígbà amúnisìn, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Kò fi í sílẹ̀ nítorí fọ́tò. Ní 1964 ó ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ lágbègbè náà. Ìlú tirẹ̀, èdè tirẹ̀, àwọn èèyàn tirẹ̀, wọ́n ní kó má ṣeré fún wọn mọ́. Kò jáwọ́. Èwo nínú yín ló ní ohun kan láti sọ tí ìjọba lè torí rẹ̀ bínú sí i? Èwo nínú yín ló tilẹ̀ ní ohun kan láti sọ?

Nínú ẹgbẹ́ alárìnká ayé ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan. Ẹ ó ti ìlú kan bọ̀ lórí lọ́rì, ẹ ó já ẹ̀rọ iná, ẹ ó na aṣọ ìtàgé, ẹni tó máa ṣe ọba lálẹ́ ló ń fi gbohùngbohùn polongo káàkiri àdúgbò lọ́sàn-án, ẹni tó máa ṣe olorì ló ń gba owó lẹ́nu géètì. Tí eré bá tán lóru, orí bẹ́ǹṣì ilé ìwé lẹ ó sùn sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn gbọ́ láìsí máíkì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ sùúrù. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, àkísà yẹn sì ni ẹ̀ ń sá fún.

Ẹ tún máa ń bi mí pé ṣé dandan ni kéèyàn lọ sílé ìwé tíátà. Kì í ṣe dandan, ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ló wọ ọjà. Ẹ lè kọ́ ọ lábẹ́ ọ̀gá, ẹ lè kọ́ ọ ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó, níbi tí yunifásítì ti ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọ! Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti lórúkọ, ó ti lẹ́gbẹ́, àwọn èèyàn ti ń rọ́ lọ wo eré rẹ̀, síbẹ̀ ó lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn láti tún iṣẹ́ kọ́. Ibẹ̀ ló ti gbé Ọ̀mùtí jáde, látinú ìwé Amos Tutuola. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ kọ́ sí i, ẹ̀yin tí ẹ ò tíì mọ nǹkan kan ní ẹ̀bùn lẹ ní, ẹ̀bùn ti tó. Ta ló tàn yín jẹ?

Èdè ńkọ́? Ibi tó ń pa mí lẹ́kún nìyí. Ẹ ń ṣe babaláwo, ẹ ò lè ka ẹsẹ Ifá kan já. Ẹ ń ṣe ìyàwó ilé, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ki ọkọ. Gbólóhùn mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì ti wọ méjì. Ní 1963 ni Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So, eré Ṣàngó, jáde ní Òṣogbo, ní 1964 ó kó o lọ sí Bẹ̀líìnì ní Jámánì. Èdè wo lẹ rò pé Ṣàngó fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Yorùbá ni! Yorùbá tó jinlẹ̀, pẹ̀lú ìlù bàtá, àwọn Jámánì jókòó, wọ́n ń wò. Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ló ṣe Ọya. Àwọn yẹn kò tijú èdè wọn lójú àlejò, ẹ̀yin ń tijú rẹ̀ lójú ìyá yín. Ẹ̀fẹ̀ oníṣẹ́jú kan tí ẹ ń gbé sórí fóònù, mi ò kórìíra rẹ̀, ó ń múni rẹ́rìn-ín, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ ojú yín. Àmọ́ ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ oníṣẹ́jú kan, níbo ni yóò ti rí èémí tí yóò fi sunkún ọmọ tó kú kí ara àwọn òǹwòran sì bù máṣọ?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọkàn yín wà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè jí lọ sí lokéṣọ̀n nídàájí kó di òru kó tó délé, kó má gbà ju owó ọkọ̀ lọ. Òmíràn ò ní rí owó ọkọ̀ náà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sọ ohun mìíràn fún yín ń tàn yín ni. Àwọn àgbà pàápàá jìyà rẹ̀. Ọ̀run Móoru tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ṣe ní 1982, àwọn olè dà á kọ sórí fídíò, wọ́n ń tà á, ẹni tó ni iṣẹ́ wọ gbèsè. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń rẹ́rìn-ín sí eré rẹ̀, òun ń ro gbèsè. Ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣe fíìmù mìíràn.

Torí náà, ẹ kọ́ iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, iṣẹ́ báńkì ló ń ṣe nígbà tí olùdarí Túndé Kèlání fún un ní ipa nínú fíìmù Ṣaworoidẹ tó jáde ní 1999. Fúnkẹ́ Akíndélé ka òfin ní Yunifásítì Èkó. Ní nǹkan bí 1998 ló bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nínú I Need to Know, ó di 2008 kí fíìmù Jénífà tó sọ ọ́ di ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè lórúkọ, ó di ìparí 2023 kí A Tribe Called Judah tó jáde, tó wá pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Ẹ ka ọdún yẹn lórí ìka. Bílíọ̀nù lẹ rí, ẹ ò rí ọdún. Bílíọ̀nù lẹ ń sọ lẹ́nu, ẹ ò sọ ọdún!

Ẹ̀yin òbí náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Láyé àtijọ́ alágbe ni wọ́n ń pe onítíátà, wọ́n tún ń pe àwọn obìnrin wọn ní aṣẹ́wó. Ó dé ibi tí Ògúndé fi fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré kí ẹnu ayé lè kúrò lára wọn. Ẹ̀yin ṣì ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lónìí, ẹ ń lé ọmọ jáde nílé, ẹ wá ń ya ẹnu pé ilé ẹni tí kò dáa ló lọ ń gbé. Ọmọ tó bá ní òun fẹ́ ṣeré, ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ bá a lọ wo ọ̀gá tó fẹ́ kọ́ ọ. Ẹ bi ọ̀gá náà léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń bi àna yín. Tí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn wá, ẹ bá ọmọ kà á kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ wò ó bóyá ó ní ìpín níbẹ̀ tí wọ́n bá gbé fíìmù náà sórí YouTube, tàbí owó ọjọ́ iṣẹ́ lásán ni.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àgbà tíátà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. Ọmọ tí kò mọ ìdọ̀bálẹ̀, mo ti bá a wí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta fọ́ọ̀mù ọ́díṣọ̀n fún fíìmù tí ẹ kò ní yà láéláé ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ tálákà kí ẹ tó fún un ní gbólóhùn méjì? Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún ọmọbìnrin pé yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni kó ti wá ka ìwé eré, lálẹ́, lóun nìkan? Ọmọ yín tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni yóò dàgbà dé ẹnu ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ kan, ṣé ẹ mọ̀? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ ń pe ara yín ní bàbá, ẹ ń pe ara yín ní màmá, àwọn ọmọ ń kúnlẹ̀ kí yín. Kí lẹ fẹ́ sọ fún Ògúndé? Kí lẹ fẹ́ sọ fún Adé Love, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà láàrin yín? Agboolé kan ni gbogbo wa, ẹ sì ń ta ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá nìkan lálẹ́, ẹ má lọ. Bí ipa náà tilẹ̀ jẹ́ ti olorì, ẹ má lọ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó ṣeré, ẹ bi í pé ọdún wo ni fíìmù tó yà kẹ́yìn jáde, kẹ́ ẹ sì wò ó lójú títí yóò fi dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba owó wọn, ẹ mọ ara yín. Orúkọ àwọn ọmọ náà wà lórí fọ́ọ̀mù tí ẹ tà fún wọn, nọ́mbà fóònù wọn wà níbẹ̀. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dá owó wọn padà.