Ṣé O Dé Ibẹ̀, Àbí O Kọjá Níbẹ̀?

Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ọkùnrin méjì kan, Steve Wilson àti Andi James, wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ìlú London, wọn kò sì sinmi títí wọ́n fi dé gbogbo ibùdókọ̀ 270 tó wà lórí rẹ̀ nígbà náà. Wákàtí 15, ìṣẹ́jú 45 àti ìṣẹ́jú-àáyá 38 ló gbà wọ́n. Guinness World Records kọ ọ́ sílẹ̀. Guinness kì í sì í fún ẹnikẹ́ni lówó lórí irú nǹkan báyìí o. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń fúnni.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí ní yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Àwọn yẹn ò níṣẹ́ ṣe." Èkejì ní owó ọkọ̀ lásán ni wọ́n fi ṣòfò. Mo fẹ́ gbèjà wọn. Ẹni tó ń ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yẹ kó ṣọ́ra kó tó pe iṣẹ́ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ aláìníṣẹ́, nítorí gbogbo wa la ti gbọ́ ọ nílé rí: "Lìǹgúísíìkì? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Tube Challenge ni wọ́n ń pe ìdíje náà, ó sì ti wà nínú ìwé Guinness láti ọdún 1960. Ẹ má rò pé ẹsẹ̀ yíyá nìkan ni. Nígbà tí wọ́n ṣí Blue Line ní Èkó fún èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ibùdó 5 ló ní: Marina, National Theatre, Orílé Ìgánmú, Alaba àti Mile 2. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ ní Marina tí kò sì sọ̀ kalẹ̀ á dé gbogbo wọn, ọgbọ́n kankan ò sí níbẹ̀. Ti London ní ọ̀nà 11, wọ́n sì ya ẹ̀ka bí àwòrán igi tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní ìtúpalẹ̀ gbólóhùn. Bí o bá gun ẹ̀ka kan dé orí, ọ̀nà tí o gbà gòkè náà lo máa gbà sọ̀. Chesham wà lórí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní ìpẹ̀kun ọ̀nà Metropolitan: ojú irin kan ṣoṣo ló débẹ̀, ọkọ̀ kì í sì í yá bíi ti àárín ìlú. Mill Hill East náà dá wà lórí ẹ̀ka tirẹ̀ lára ọ̀nà Northern. Kensington (Olympia) ló wá le jù lójú tèmi. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ District tó ń débẹ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àárín ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ ń pọ̀ níbi tó kù. Nítorí ibùdó kan péré, ètò gbogbo ọjọ́ lè yí padà.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé, dípò kí wọ́n máa padà sọ̀ láti orí gbogbo ẹ̀ka, wọ́n á fò láti orí ẹ̀ka kan bọ́ sórí òmíràn. Edgware wà lórí ọ̀nà Northern, Stanmore wà lórí Jubilee, àwọn méjèèjì kò sì jìnnà síra wọn lórí ilẹ̀. Bákan náà ni Wimbledon àti South Wimbledon. Ó di kí wọ́n sáré tàbí kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Omi mímu gan-an di ohun tí wọ́n ń ṣírò, nítorí ẹni tó bá wá ilé ìtura lọ lè pàdánù ọkọ̀. Bí iná tó ń darí ọkọ̀ bá bàjẹ́ níbì kan ní wákàtí kẹrìnlá, ọjọ́ yẹn ti ṣòfò nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Peckham ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa ìdíje yìí, ẹ̀rín ló sì fi parí rẹ̀. Gbogbo Peckham tí Yorùbá kún bámúbámú bí ọjà Bódìjà yẹn, Tube kò débẹ̀! Ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí pé òun dé gbogbo ibùdó lè máà fojú kan àdúgbò wọn láéláé.

Òfin ìdíje náà ló gbà mí lọ́kàn jù. O kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò aládàáni, takisí tàbí kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ akérò tó ń ná ọ̀nà ní àkókò tirẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ rẹ nìkan lo lè lò. Ọkọ̀ ojú irin gbọ́dọ̀ dúró ní ibùdó kí a tó kà á fún ọ, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí o sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ dúró síbi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ni, oúnjẹ tiwa sì ni. Kí ni "dé" túmọ̀ sí? Bí o bá wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Iléṣà, tí ẹnì kan wá bi ọ́ pé, "Ṣé o ti dé Ifẹ̀ rí?", wàá ronú díẹ̀. Bí mọ́tò kò bá dúró rárá, "Mo gba ibẹ̀ kọjá" ni wàá sọ. Bí ó bá dúró, tí o na ọwọ́ láti ojú fèrèsé ra bọ̀ọ̀lì ńkọ́? Mo bi ènìyàn mọ́kànlá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mẹ́fà ní mo dé, mẹ́rin ní n kò dé, ẹnì kan ní kí n lọ kàwé mi. Èdè kò pààlà náà fún wa. Ẹni tó fẹ́ ka iye ibi tó dé ló gbọ́dọ̀ pààlà fúnra rẹ̀, kó sì pa á kó tó gbéra.

Àwọn ará New York ti ṣe é. Ní ọdún 1966, Peter Samson, ọmọ MIT tó tún fi kọ̀ǹpútà PDP-6 wá ọ̀nà tó yá jù, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ṣe òfin fún ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti ibẹ̀. Ìsọ̀rí A, B àti C ni wọ́n pín in sí. Ní B, o gbọ́dọ̀ dúró ní gbogbo ibùdó. Ní C, bí ọkọ̀ rẹ bá ti gba ibùdó náà kọjá, ó tó. Ẹ gbọ́, dé àti gbà kọjá náà nìyẹn! Àwọn oníṣirò tó fẹ́ràn rélùwéè ló jókòó ṣe iṣẹ́ tí a ń ṣe ní kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀, tí wọ́n sì fara mọ́ ọn.

Wọ́n tún ń kọ ìwé ìrìn. Gbogbo ibùdó ni wọ́n ń kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì bẹ àwọn èrò tí wọn kò mọ̀ rí pé kí wọ́n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Òṣìṣẹ́ Guinness kankan kì í tẹ̀ lé wọn káàkiri. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé ẹni tó bá fẹ́ purọ́ á purọ́ pẹ̀lú ìwé ìrìn lọ́wọ́. Kó gbìyànjú rẹ̀ wò. Kó jókòó sílé, kó hùmọ̀ àkókò fún ibùdó 270 tí yóò bá ìgbà tí ọkọ̀ rìn lọ́jọ́ náà mu. Ó rọrùn kó kúkú lọ wọ ọkọ̀.

A kò sì gbàgbé Hilda Baci. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọgọ́rùn-ún wákàtí la kà fún un, gbogbo wa sì ń jó. Wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni Guinness kọ sílẹ̀, nítorí ó ṣèèṣì lo ìṣẹ́jú díẹ̀ kún ìsinmi tí òfin fún un níbẹ̀rẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ wa nígbà náà, inú bí èmi náà. Ní báyìí, iye 93 yẹn wù mí ju 100 lọ, nítorí mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí rèé. Ní ọdún kẹta, iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ni pé kí a lọ sí ìlú mẹ́rin ní Àkókó, kí a fi Ibadan 400 Wordlist bi àwọn àgbà léèrè. Mo ṣe mẹ́ta dáadáa. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, òjò ti rọ̀, owó ti ń tán, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sí Ìkàrẹ́ dúró ní oríta ìlú kẹrin (n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe wọn), awakọ̀ ń wá èrò. Ìyá kan tó wọlé jókòó tì mí jẹ́ ọmọ ìlú náà. Mo bi wọ́n ní bí ọgọ́rin ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Èyí tó kù, mo wo ohun tí ìlú tó múlé gbè é ń sọ, mo fi dí àlàfo. Máàkì mi dára gan-an.

Bí ẹ bá fi òfin London dá mi lẹ́jọ́, mo dé ìlú yẹn. Ọkọ̀ akérò ni, ó dúró, ilẹ̀kùn sì ṣí. Irú àwáwí yẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará London sọ ṣáájú pé àwọn kò ní sọ̀ kalẹ̀, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn mọ àdúgbò tí àwọn gbà kọjá. Èmi kọ ọ́ sójú ìwé pé mo jókòó ti àwọn àgbà ìlú.

Oṣù tó kọjá, ọmọ ọdún kejì kan wá bá mi. Wọ́n ti fún un ní iṣẹ́ mi kó fi ṣe àfiwé. Ìlú kẹrin yẹn ni wọ́n ti bí ìyá ìyá rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé náà, ó fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, màmá mi àgbà kì í pe ìràwọ̀ báyìí." Ó ń bẹ̀ mí ni o. Ó rò pé òun ni kò gbọ́ èdè ìyá òun dáadáa.

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo tún ti sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi.

Ẹ̀yin tí a jọ fẹ́ fi iṣẹ́ àṣekágbá sílẹ̀ lọ́dún yìí, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré. Kí ẹ̀ka wa ní kí ẹnikẹ́ni tó bá gba èdè lẹ́nu ènìyàn fi ìwé ìrìn sẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀: ọjọ́, ìlú, ibi tí a jókòó sí, ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí a parí, ọjọ́ orí ẹni tó sọ̀rọ̀, àti iye ọ̀rọ̀ tí a kò rí gbà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí wọ́n má gbàgbé. Kí ó má sì sí ẹni tí wọ́n máa yọ máàkì rẹ̀ nítorí àlàfo, nítorí ìbẹ̀rù àlàfo ló kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní irọ́.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi. Mo ti nu ọ̀rọ̀ tí mo yá lọ́wọ́ ìlú kejì kúrò, mo fi ọgọ́rin ti ìyá yẹn sílẹ̀. Lókè ojú ewé náà mo kọ ọ́ pé: "Ọkọ̀ dúró ní oríta. N kò sọ̀ kalẹ̀."