Ẹkún Tí Ẹnìkan Kò Báni Sun
Èmi kò fara mọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àìmọ́ lásán ni ó kún inú Hereditary, sinimá tí Ari Aster ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2018. Kì í ṣe ẹ̀mí ni ó dẹ́rù bà mí. Ní òru, Peter ń wa ọkọ̀ sáré, kí ó lè gbé àbúrò rẹ̀ tí kò lè mí dáadáa dé ilé ìwòsàn; orí ọmọ náà kọlu òpó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì kú. Peter wakọ̀ délé, kò jí ẹnikẹ́ni, ó lọ dùbúlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igbe ìyá rẹ̀ ni a gbọ́. Ojú Peter nìkan ni a sì ń wò. (Ibẹ̀ ni mo ti bo ojú tèmi.)

Ṣáájú èyí, nígbà tí Annie, ìyá náà, sin ìyá tirẹ̀, irọ́ ni ó pa fún ọkọ rẹ̀ pé sinimá ni òun ń lọ, kí ó tó lè lọ sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Ta ni ó wá jókòó tì wọ́n nínú ilé ńlá yẹn? Obìnrin kan ṣoṣo tí ó tu Annie nínú, ọ̀tá ni. Nígbà tí ìyá àti ọmọ sì la ẹnu níkẹyìn nídìí oúnjẹ alẹ́, ẹ̀bi ni olúkúlùkù ń dì ru ẹnìkejì.