Èébì Tó Ń Gbé Aboyún Dè: Kì í Ṣe Àṣejù

Ẹ̀yin ará wa, bí ìyàwó ilé bá lóyún tó sì ń bì, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé, "Oyún ló ń ṣe é, yóò lọ." Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ aboyún, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èébì kan wà tí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí: omi lásán kì í dúró nínú aboyún, ó ń rù, òòyì ń kọ́ ọ bó bá dìde. Hyperemesis gravidarum ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í sábà mú ju aboyún 3 lọ nínú 100, ṣùgbọ́n ó lè gba ẹ̀mí.

Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ń ṣe àṣejù ni, tàbí pé kò fẹ́ oyún náà. Marlena Fejzo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, pàdánù oyún rẹ̀ sọ́wọ́ àìsàn yìí ní 1999, ó sì fi wíwádìí rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Ní December 2023, òun àti Stephen O'Rahilly ti Yunifásítì Cambridge pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé èròjà kan tó ń jẹ́ GDF15, tó ń ti ara ọmọ inú àti ibi ọmọ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Obìnrin tí èròjà náà kéré lára rẹ̀ kó tó lóyún ló máa ń bá jà jù. Ara ló ń ṣe é, kì í ṣe ìwà.

Kí ló wá kàn? Bí aboyún kò bá lè gbé omi dúró fún odindi ọjọ́ kan, tàbí tí kò tọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n yẹ ibà wò pẹ̀lú, nítorí ibà náà ń fa èébì. Ó yẹ kí wọ́n fa omi sí i lára, kí wọ́n fún un ní oògùn èébì tí aboyún lè lò, kí wọ́n sì fún un ní fítámì B1 kí wọ́n tó fa omi onísúgà sí i, nítorí àìtó rẹ̀ lè ba ọpọlọ jẹ́.

Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ọkọ, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ̀yin aṣíwájú ìjọ, ẹ má ṣe gbé ààwẹ̀ lé ẹni tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ lórí. Àdúrà kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ọ̀ràn ìjọba náà ni. Ìran Yúróòpù ni àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ àbùdá wọn wò nínú ìwádìí 2018 tó tọ́ka sí GDF15. Ó yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá wa máa kọ iye aboyún tó ní àìsàn yìí sílẹ̀, kí ìjọba sì náwó sí ìwádìí rẹ̀, kí oògùn tó bá jáde lọ́la lè bá ara àwọn ọmọbìnrin tiwa mu. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ẹ jẹ́ ká béèrè, ká má sì dákẹ́.

Kí Olúwa sọ gbogbo aboyún wa kalẹ̀ ní àlàáfíà.