Iṣẹ́ wo lẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ yín? Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn ará wa ní Ìlú Ọba



Owó ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ti di ẹrù lọ́rùn ọ̀pọ̀ ìdílé wa tó ń gbé ní Ìlú Ọba. Gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ilẹ̀ náà, ABI, ṣe ṣírò rẹ̀, tí a bá pín in dọ́gba, £434 ni wọ́n ń san lórí ọkọ̀ kan lọ́dún 2022. Lọ́dún 2023, ó di £543. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2024, ó fò dé £635. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní oṣù Kẹwàá ọdún náà láti wádìí ohun tó fà á. Lóòótọ́ ó ti wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìdílé tó ń san owó ilé, owó iná àti owó físà ṣì ń mọ̀ ọ́n lára.

Níbi tí nǹkan bá ti wọ́n, onímọ̀ràn kì í wọ́n. Ohun tí àwọn kan ń sọ fún ara wọn nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ni pé: "Má kọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe gan-an. Kọ òmíràn, owó á já wálẹ̀." Ó yẹ ká mọ ibi tí ọgbọ́n parí sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, àti ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló kan iṣẹ́ mi?

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa ń wo àkọsílẹ̀ àwọn tó ti ní jàǹbá sẹ́yìn: iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, ṣé òru ni wọ́n ń wakọ̀, ṣé ọ̀nà jíjìn ni. Láti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2012, òfin kò gbà kí wọ́n fi ọkùnrin tàbí obìnrin díye mọ́. Ọjọ́ orí, àdírẹ́sì, irú ọkọ̀ àti iṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń wò.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo lè ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ń dáná nílé oúnjẹ lè rí "chef", kó rí "cook", kó tún rí "kitchen staff", kí owó wọn má sì dọ́gba. Bí méjì nínú wọn bá jẹ́ òtítọ́ nípa iṣẹ́ yín, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹ mú èyí tí owó rẹ̀ kéré. Ọgbọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kíà kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kì í sì í ṣe ọ̀gá ọ́fíìsì. Ìwọ̀n tí ẹ lè lò rèé: bí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ bá rí ohun tí ẹ kọ, ṣé yóò ní òótọ́ ni?

Ẹ má gbàgbé iṣẹ́ kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kíláàsì ní láti sọ méjèèjì bí fọ́ọ̀mù bá béèrè. Bákan náà ni alfa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí láti Ajé dé Ẹtì, tó sì ń gba owó oṣù nílé kéú ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ibi tí ewu pọ̀ sí

Ìbéèrè míì tún wà: kí lẹ ń fi ọkọ̀ náà ṣe? "Social, Domestic and Pleasure" jẹ́ ti ọjà, mọ́sálásí àti ìbẹ̀wò ẹbí. "Commuting" jẹ́ ti lílọ àti bíbọ̀ sí ibi iṣẹ́ kan pàtó. Àwọn ará wa tó ń ṣe iṣẹ́ kíà láti ilé arúgbó kan sí òmíràn ló ń kọsẹ̀ jù níbí. Wọ́n kọ iṣẹ́ wọn dáadáa, wọ́n mú "Commuting", wọ́n sì rò pé ó ti parí. Kò parí. Ẹni tó ń wakọ̀ kiri ilé mẹ́rin, márùn-ún lójúmọ́ nítorí iṣẹ́ nílò "Business use". Ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé oúnjẹ fún oníbàárà lálẹ́ nílò "hire and reward", èyí tí ìnṣọ́ránsì lásán kì í kó mọ́ra.

Bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn lórí ìrìn tí ìnṣọ́ránsì rẹ̀ kò bò, bí ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì ni. Owó ìtanràn £300 ni, pẹ̀lú àmì mẹ́fà lórí láísẹ́ǹsì. Wọ́n sì lè gba ọkọ̀. Bó bá dé ilé ẹjọ́, ìtanràn kò ní òdiwọ̀n. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kì í ṣiṣẹ́ ju oṣù méjìlá lọ fún ẹni tó bá kó lọ síbẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò tibẹ̀. Ẹni tó bá gba àmì mẹ́fà láàárín ọdún méjì tó yege, láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ nìyẹn. Yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ kíà tí kò lè wakọ̀ mọ́, kí ni yóò fi ṣiṣẹ́?

Ohun tí òfin sọ

Òfin ọdún 2012 lórí ìnṣọ́ránsì aráàlú, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, pín àṣìsọ sí oríṣi méjì. Bó bá jẹ́ àìfiyèsí, wọ́n lè gé owó gbà-máà-bínú. Ká ní £600 lẹ san, tó yẹ kí ẹ san £1,000, ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni wọn yóò san: lórí àdánù £5,000, £3,000 ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ ni, wọ́n lè fagi lé ìnṣọ́ránsì náà pátápátá, kí wọ́n má san kọ́bọ̀, kí wọ́n sì mú owó tí ẹ ti san. Wọ́n tún lè sanwó fún ẹni tí ẹ kọlù, kí wọ́n wá gbà á padà lọ́wọ́ yín. Láti ìgbà náà lọ, bí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá béèrè bóyá wọ́n ti fagi lé tiyín rí, ẹ ó ní láti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Àwọn náà ń rẹ́ wa jẹ"

Ìdáhùn àwọn kan nìyí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àhesọ. Ní ọdún 2022, àjọ Citizens Advice gbé ìwádìí jáde pé àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké ń san owó tó ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, tí a bá pín in dọ́gba. Ó yẹ ká bínú sí i, kí a sì fẹjọ́ sùn níbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n irọ́ orí fọ́ọ̀mù kò tún ìwà ìrẹ́jẹ yẹn ṣe. Àwa fúnra wa ló ń fi ọ̀bẹ lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ jàǹbá.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ní àríyànjiyàn lórí ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀. Òfin ilẹ̀ ló fi dandan lé e. Èmi kò mọ onímọ̀ kan tó ní kí Mùsùlùmí purọ́ nínú àdéhùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ mú ìwé ìnṣọ́ránsì yín lónìí, kí ẹ wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n ní kí ẹ fi ọkọ̀ ṣe. Bí kò bá bá ìgbésí ayé yín mu mọ́, ẹ pè wọ́n kí wọ́n tún un ṣe. Ó lè ná yín ní owó díẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín ọdún, ẹ sọ fún wọn. Ẹ tọ́jú ohun tí ẹ kọ. Bí wọ́n bá kọ̀ láti sanwó, tí ẹ sì mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ, ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà kí ẹ tọ Financial Ombudsman Service lọ. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà, ọ̀rọ̀ yìí kò yọ yín sílẹ̀. Ẹni tó san ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ aládàáni, èyí tó di ₦15,000 láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, tó wá ń fi ọkọ̀ náà ṣe kabukabu, irú àdéhùn kan náà ló ń tú.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká lo ìnṣọ́ránsì wa. Bó bá sì di dandan pé ká lò ó, kó jẹ́ òtítọ́ ni wọn yóò bá nínú rẹ̀.