Ẹni Tó Ti Yege, Ẹ Jẹ́ Kó Máa Lọ

Láìfepo bọyọ̀, yunifásítì tó gba ọmọ tó ti ṣe pọ́lì wọlé sí ọdún kejì, tó tún ní kó padà lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún kìíní kó lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ti kọ́ tó sì ti yege, ọmọ ọlọ́mọ ló ń rẹ́ jẹ. Mo mọ̀ pé ìlànà ni wọ́n ń pè é. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo bọ̀wọ̀ fún ń gbèjà rẹ̀. N kò ní tìtorí ìyẹn sọ ìrẹ́jẹ ní orúkọ míì.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Direct Entry, ìyẹn D.E., rí mọ bó ṣe ń lọ. Ọmọ tí kò rí yunifásítì wọ̀ lẹ́yìn JAMB lè gba pọ́lì lọ, kó ṣe ND fún ọdún méjì, tàbí kó lọ gba NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni fún ọdún mẹ́ta. Bí èsì rẹ̀ bá dára, yóò ra fọ́ọ̀mù Direct Entry, yunifásítì yóò sì mú un sí ọdún kejì, èyí táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní 200 level. Kò sẹ́ni tó ń gba ND láìṣe GNS, ìyẹn ẹ̀kọ́ gbogbogbòò. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú GNS. Ẹ̀kọ́ nípa jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní òfin ilẹ̀ wa, ẹ̀tọ́ ará ìlú àti bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó bá dé yunifásítì, GST ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ yìí. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ CCMAS tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde ní 2022, GST 111 ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, GST 112 ni ti àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà àti àṣà wọn, yúnìtì méjì-méjì. Ẹ̀kọ́ ọdún kìíní ni àwọn méjèèjì, ọdún tí ọmọ D.E. kò ṣe ní yunifásítì rárá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń sọ fún un pé bí kò bá padà lọ ṣe wọ́n, kò ní í jáde.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó. Ọmọ tó ṣe ND nínú iṣẹ́ iná mànàmáná dé ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nítorí ND yẹn, wọ́n fo ìṣirò ọdún kìíní fún un, wọ́n fo físíìsì, wọ́n fo kẹ́mísìrì. Wọ́n gbà pé pọ́lì ti kọ́ ọ. Ìmọ̀ tó jẹ́ pé bí kò bá dúró dáadáa, iná lè gbé odidi agboolé lọ, wọ́n gbà á lọ́wọ́ pọ́lì láìjanpata. Èyí tí wọn kò fọkàn tán pọ́lì lé lórí ni bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà àti ibi tó yẹ kí kọ́mà wà.

Ọmọbìnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, ND iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ló ṣe, ó sì wọ 200 level láti kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ wàhálà rẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni práktíkà ẹ̀ka rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Aago kan sí mẹ́ta ni GST, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tó wà ní òdìkejì ọgbà. Nínú yàrá àyẹ̀wò, bí wọ́n bá ti da oúnjẹ kòkòrò sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ẹni tí kò sí níbẹ̀ kí ó tó dì kò ní abọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì ní í ní èsì tí yóò kọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nínú gbọ̀ngàn GST, èrò ti kún débi pé àwọn kan ń gbọ́ ẹ̀kọ́ láti ojú fèrèsé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń han goooro, olùkọ́ sì ń ṣàlàyé ohun tí ọ̀rọ̀ orúkọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ orúkọ! Ọmọ yìí ti kọ ìròyìn ìkọ́ṣẹ́ SIWES, ó ti kọ iṣẹ́ àkànṣe ND, ó sì ti dúró níwájú àwọn olùkọ́ gbèjà rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé yóò buwọ́ lùwé pé òun wá, yóò sì sáré gba ẹ̀yìn jáde. Nígbà tí ìdánwò GST orí kọ̀ǹpútà bọ́ sọ́jọ́ ìdánwò práktíkà, ó yan práktíkà. Kárí-ófà ni wọ́n fún un nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó gba A nínú Gẹ̀ẹ́sì ní pọ́lì.

Ta ló tiẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ gbogbogbòò yìí wọ̀lú? Ìlànà Lọ́ńdọ̀nù ni Ìbàdàn tẹ̀ lé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí oníkálukú gbájú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Yunifásítì Nsukka, tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1960 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Michigan State University, ló mú ti Amẹ́ríkà wá: kí onísáyẹ́ǹsì mọ ìtàn, kí oníṣẹ́ ọnà mọ díẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì, kí gbogbo wọn lè kọ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. Èrò tó dára ni, n kò sì bá a jà. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó gbé e wá. Azikiwe gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1925, ó wọ Storer College ní West Virginia, ó ṣí lọ sí Howard ní Washington, ó tún ṣí lọ sí Lincoln ní Pennsylvania, níbi tó ti gboyè ní 1930. Bàbá GST Nàìjíríà fúnra rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti ilé-ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Ìbàdàn náà ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ 104 tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1948, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Ẹlẹ́yẹlé, Yaba Higher College ni wọ́n ti kó wọn wá. Àwọn tó ṣí wá láti ibòmíràn ni yunifásítì àkọ́kọ́ wa fi bẹ̀rẹ̀. Yabatech ló jogún Yaba Higher College. Ọmọ Yabatech tó bá tọ ipa ẹsẹ̀ àwọn ẹni ìṣáájú yẹn lónìí, tó wọ yunifásítì pẹ̀lú ND, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ ní Yábàá kò kà.

Wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì pọ́lì kò tó ti yunifásítì. Ó dáa. Ta ló ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní pọ́lì? Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn yunifásítì wọ̀nyí kan náà ni. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n kọ́, a jẹ́ pé kí yunifásítì gba oyè rẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn ló kàn. Ọmọṣẹ́ télọ̀ tó ti gba fírídọ̀mù, tí ọ̀gá tuntun wá ní kó lọ jókòó ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, gbogbo àdúgbò ni yóò bi ọ̀gá náà pé kí ló dé. Ní yunifásítì, a kì í béèrè.

Pé Gẹ̀ẹ́sì ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò dán mọ́rán, n kò jiyàn. Ẹni tó bá ti ka iṣẹ́ àkànṣe àwọn ọmọ tó ń parí yunifásítì yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn yẹn ló ti ṣe GST! Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ, ogunlọ́gọ̀ èrò nínú gbọ̀ngàn kan, ìdánwò mú-èyí-tó-tọ́ lójú kọ̀ǹpútà, kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń kọ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ lè gba A níbẹ̀ láìkọ gbólóhùn kan délẹ̀. Bí yunifásítì bá ń ṣiyèméjì lóòótọ́, kó ṣe ìdánwò kékeré fún àwọn D.E. lọ́sẹ̀ tí wọ́n dé, kí wọ́n fọwọ́ kọ nǹkan. Ẹni tó bá yege, kó máa lọ. Ẹni tó bá kùnà, kó jókòó. Ta ni ìyẹn máa dùn?

Àwọn míì á mẹ́nu ba jìbìtì. Wọn kò parọ́: JAMB ti tú àṣírí ayédèrú ìwé-ẹ̀rí tí àwọn kan fẹ́ fi gba D.E. wọlé, gbogbo wa la sì rántí oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá gbígba oyè àwọn yunifásítì Benin àti Togo dúró lẹ́yìn tí oníròyìn kan gba oyè ní Kùtọnu láàárín àkókò tí kò tó oṣù méjì. Ẹ dákun, báwo ni àtúnkọ́ GST ṣe ń mú oníjìbìtì? Ẹni tó ra ND lọ́jà yóò jókòó sí GST 111, yóò ṣe é, yóò sì yege, torí kò le. Olódodo nìkan ni ìlànà yìí ń ná lẹ́gba. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí wọ́n kọ̀wé sí pọ́lì, kí pọ́lì fi èsì ránṣẹ́ tààrà sí yunifásítì, kí wọ́n sì lé ayédèrú lọ kó tó wọlé rárá.

N ó wá sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nínú ìpàdé. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ tó wọlé gbọ́dọ̀ ṣe, ọjà tí kì í kùtà ni. Ìwé GST wà, ó ní iye tí wọ́n ń tà á, láwọn ibòmíràn ó sì ní nọ́ńbà nínú tí ọmọ gbọ́dọ̀ fi forúkọ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò. Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ GST ló ń tajà. Mo mọ àwọn tó ń fi òógùn ojú wọn kọ́ ọmọ. Àmọ́ nígbà tí ìpinnu pé kí àwọn D.E. máa tún GST ṣe bá ń mú owó wọlé fún ẹni tó ń ṣe ìpinnu, kí wọ́n má retí pé a ó gbà pé nítorí ìwọ̀n ẹ̀kọ́ nìkan ni.

Ti àwọn tó ń ṣí láti yunifásítì kan sí èkejì kò tiẹ̀ ní àwíjàre kankan. NUC fúnra rẹ̀ ló kọ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí gbogbo yunifásítì ń kọ́, ó fi ìdá 30 sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kó fi ti ara rẹ̀ sí i. Inú 70 yẹn ni GST wà. GST 111 tó wà ní Sókótó ló wà ní Àgọ́-Ìwòyè, nọ́ńbà kan náà, yúnìtì kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní kí ọmọ tó ti yege níbì kan tún un ṣe ń sọ fún NUC lójú ara rẹ̀ pé òun kò ka ìwé rẹ̀ sí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó bí ètò yìí ti kúrò níbi tá a wà. Ní ìpínlẹ̀ California tẹ́lẹ̀, ètò ẹ̀kọ́ gbogbogbòò tí California State University ń lò fún àwọn tó ń ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì bọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí University of California ń tẹ̀ lé, àwọn ọmọ sì ń forí gbárí láàárín méjèèjì. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2021 ní kí wọ́n da wọ́n pọ̀: láti ìgbà ìkórè 2025, ètò kan ṣoṣo ló wà, yúnìtì 34, ọmọ tó bá parí rẹ̀ lè kọrí sí èyí tó wù ú. Florida ti ṣe tirẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ gbogbogbòò rẹ̀, wákàtí 36, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan níbẹ̀, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba mìíràn tó láṣẹ láti bu òmíràn lé e. Àwa tá a yá èrò wọn lò ní 1960, a gba ẹrù, a ò gba òṣùká.

Ẹni tó bá rò pé yúnìtì méjì kéré, kó bá mi ṣírò ọjọ́ orí. Ọmọ jáde girama ní 18, JAMB gbà á lọ́dún méjì, ó ṣe ND ọdún méjì, ó lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nídìí àtiwá owó, ó wọ D.E. fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ fi ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì kún un. Ti 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ, láti Feb. 14 sí Oct. 14. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ GST 111, nítorí náà ẹni tó bá bá kárí-ófà rẹ̀ dé ọdún ìkẹyìn, tó tún bọ́, odidi ọdún kan ló lọ yẹn. Bó bá ti lé ní 30 kó tó gboyè, NYSC kò gbà á mọ́, ìwé ìdásílẹ̀ ni yóò gbà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì ń kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìpolówó iṣẹ́ wọn pé àwọn kò fẹ́ ẹni tó ti ju 26 tàbí 28 lọ.

NUC ló ń bójú tó yunifásítì, NBTE ló ń bójú tó pọ́lì, NCCE ló ni kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, abẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba kan náà sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ní 2023, NBTE bá àwọn yunifásítì òkè òkun ṣètò kí ẹni tó ní HND lè fi ọdún kan gba oyè B.Sc. NUC yarí pé kò sóhun tó jọ ọ́. Bóyá ètò yẹn dára tàbí kò dára, ẹ wo ìtìjú tó wà níbẹ̀: àjèjì ń ka ìwé-ẹ̀rí wa sí ju bí àwa fúnra wa ti ń kà á sí lọ. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lè pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí yàrá kan, kí wọ́n má sì jáde láìfọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀kọ́ gbogbogbòò tí ọmọ bá ti yege lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn ti bá a dé ibi yòówù tó bá lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá kọ̀, kí wọ́n dín iye ọmọ tó ń gbà lọ́dún kù.

Èyí tí ọmọ kò tíì ṣe, kó ṣe é. Bí kò bá ṣe èrò ìjìnlẹ̀ àti ọgbọ́n ìtakùrọ̀sọ ní pọ́lì, GST 212 ń dúró dè é, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ ìlàjà tó wà ní GST 312. N kò bẹ̀bẹ̀ ìyẹn fún un.

Àwọn Sẹ́nétì yunifásítì kò sì nílò láti dúró de Àbújá. Ìpàdé kan péré tó láti yí ìlànà náà padà. Bí wọn kò bá fẹ́, kí wọ́n gbé sílábọ́ọ̀sì GNS àti ti GST 111 kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n fa ilà sábẹ́ ohun tó wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síta kí àwọn òbí tó ń san owó kà á.