Àwo Ẹni Méjì Ni Rejoice

Rejoice ni àwo jáàsì tí Tony Allen, onílù ọmọ Èkó, àti Hugh Masekela, afunfèrè ọmọ Gúúsù Áfíríkà, jọ ni. Ilé iṣẹ́ orin World Circuit gbé e jáde lóṣù kẹta ọdún 2020. Orin mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì jọ ṣẹ̀dá wọn. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n tún kéde rẹ̀ lórí rédíò pé àwo Masekela ni, "pẹ̀lú onílù Fẹlá". Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, wọ́n fi bo iṣẹ́ ọgọ́ta ọdún mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ àwo náà pín sí: ìpàdé, ìgbàsílẹ̀, àti orin fúnra rẹ̀. Fẹlá Kuti, olórin Afrobeat, ló mú àwọn méjèèjì mọra láyé ọdún 1970 sókè. Ó di ọdún 2010 kí ìrìnàjò tó pa wọ́n pọ̀ sí London, tí Nick Gold ti World Circuit fi gba fèrè àti ìlù wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò parí. Masekela kú lóṣù kìíní ọdún 2018. Lọ́dún 2019 ni Allen àti Gold padà sí situdio kan náà, tí Joe Armon-Jones tẹ dùùrù, tí Tom Herbert àti Mutale Chashi ta básì, tí Steve Williamson fun sasofóònù.

Orin wá kù. Ìlù ló sì gbé orin náà ró. Iṣẹ́ ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ rédíò ni Allen ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ kọ́ ìlù, tó ń tẹ́tí sí Art Blakey àti Max Roach, àwọn onílù jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà. Jáàsì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bá Fẹlá pàdé lọ́dún 1964. Ó kúrò lọ́dọ̀ Fẹlá lọ́dún 1979, jáàsì kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2017, ó ṣe àwo fi júbà Blakey fún ilé iṣẹ́ orin Blue Note. Nínú ìlù rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀: ohun tí ẹsẹ̀ bá béèrè, ọwọ́ a dá a lóhùn, láìpariwo. Nínú orin Never, tí wọ́n fi yẹ́ Fẹlá sí, Masekela a fun fèrè díẹ̀, a dákẹ́, kí ìlù lè sọ tirẹ̀. Ilẹ̀ tí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀ kí akọrin tó la ẹnu kò yẹ kó jẹ́ ibi tí wọn yóò ti máa ka onílù mọ́ èrò ẹ̀yìn.

Allen kú ní Paris lóṣù kẹrin ọdún 2020, àwo náà kò tíì pé oṣù méjì nígboro. Orúkọ Allen ló ṣáájú lára páálí àwo náà, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ kéde àwo náà kà á.