Ẹ̀bùn Ló Ń Ṣílẹ̀kùn, Iṣẹ́ Ló Ń Gbéni Wọlé

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó ń gbé Johannesburg ló ti gbọ́ ọ mọ́ ọmọ wọn lẹ́nu rí pé òun ò ṣe ìṣirò owó mọ́, eré orí ìtàgé lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe. Bí ọmọ bá ti sọ ọ́ tán, ilé á pa lọ́lọ́. Bàbá á rántí owó ilé ìwé tó ti san. Ìyá á rántí orúkọ tí wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé: iṣẹ́ alágbe, iṣẹ́ alárìnjó. Kò sí ẹni tó máa dá wọn lẹ́bi. Wọn ò torí àtiwo ọmọ tó ń febi sùn wá sí South Africa.

Ohun tá a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ni ohun tí iṣẹ́ yẹn ń béèrè gan-an. Kì í ṣe béèyàn ṣe ń di gbajúmọ̀ la fẹ́ sọ o. Béèyàn ṣe lè máa fi orin, ijó tàbí àwàdà jẹun fún ogún ọdún láìjẹ gbèsè la fẹ́ sọ.

Ohun tí a kì í rí látorí àga

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látàdúgbò wa ní Fourways níbí. Gbogbo ẹni tó ń gba Winnie Mandela Drive kọjá ló mọ Montecasino, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2000, tí wọ́n kọ́ bí abúlé àtijọ́ kan ní Ítálì, tí wọ́n sì kun òkè inú rẹ̀ bí ojú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ju pé ibi tẹ́tẹ́ àti ibi oúnjẹ ni. Àmọ́ gbọ̀ngàn eré ńlá wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni Pieter Toerien Theatre. Èkejì ni Teatro, tó ń gba nǹkan bí 1,900 èèyàn, tí wọ́n sì fi eré olórin náà The Lion King ṣí i lọ́dún 2007.

Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì á jókòó fún nǹkan bí wákàtí méjì ààbọ̀, á pàtẹ́wọ́, á sì wa mọ́tò ẹ̀ lọ sílé. Ohun tí kò rí ni pé irú eré olórin ńlá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wáyé nígbà mẹ́jọ lọ́sẹ̀. Oníjó tó fò sókè lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ti fò bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà. Ó ní láti dé ṣáájú, kó na ara, kó gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀ kí aṣọ ìtàgé tó ṣí. Kò lè pariwo níbi àríyá, kò lè máa sùn láago méjì òru, torí pé ara ẹ̀ ni ọkọ́ tó fi ń roko. Àwọn kan tún wà tí iṣẹ́ tiwọn ni láti há ipa èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún sórí, kí wọ́n lè rọ́pò ẹnikẹ́ni tí ara ẹ̀ ò bá yá, nígbà míì láìtó wákàtí kan sígbà tí eré máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn èrò ìwòran kì í sábà mọ orúkọ wọn. Síbẹ̀, owó iṣẹ́ wọn ń wọlé.

Ọmọ Soweto tí orin ẹ̀ wà nínú eré yẹn, Lebo M, jẹ́ kéèyàn lóye bí ọ̀nà náà ṣe máa ń gùn tó. Ọ̀dọ́langba ni nígbà tó fi ilé sílẹ̀ lọ́dún 1979 lásìkò ìjọba apartheid. Ó bá ara ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì ti bá àìrílé sùn fínra ní Los Angeles. Òun àti Hans Zimmer ṣiṣẹ́ lórí orin fíìmù The Power of One tó jáde lọ́dún 1992. Iṣẹ́ yẹn ló bí iṣẹ́ orí fíìmù The Lion King lọ́dún 1994. Fíìmù yẹn ló bí eré orí ìtàgé tó bẹ̀rẹ̀ ní Broadway lọ́dún 1997, tó wá dé Fourways lọ́dún 2007. Ká ṣírò ẹ̀ láti 1979, ọdún 28 ni. Bí iṣẹ́ yìí ṣe máa ń rìn nìyẹn: ẹni tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ dáadáa fún lónìí ló máa pè yín lọ́la.

Ẹ má sọ ọkọ́ nù kí àgbàdo tó gbó

Àwọn kan rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ yìí lóòótọ́ gbọ́dọ̀ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká wo Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọ̀sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú Òde, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá eré orí ìtàgé ní Nàìjíríà. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, kó tó wá di ọlọ́pàá. Iṣẹ́ ọlọ́pàá yẹn ló ń ṣe nígbà tó gbé eré ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó lọ́dún 1944, eré tó ṣe fún ìjọ Aládùúrà kan. Kò kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó kọ́kọ́ rí i pé àwọn èèyàn ń san owó wọlé, ó tún ṣe òmíì sí i, ìgbà tó wá di ọdún 1946 ló tó já ara ẹ̀ sílẹ̀ fún eré ṣíṣe.

Ìbẹ̀rù tí àwọn òbí ń bẹ̀rù lónìí náà sì ti wà nígbà yẹn. Nígbà tí Ogunde kéde pé òun ń wá àwọn obìnrin tó máa bá òun ṣeré gbowó, àwọn òbí ò jẹ́ kí ọmọ wọn lọ. Ló bá yí i pa dà, ó kéde pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Àwọn obìnrin wá. Ọgbọ́n yẹn lè pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ ó jẹ́ ká rí i pé látọjọ́ táláyé ti dáyé, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí máa ní láti mú ọkàn ará ilé balẹ̀ kó tó mú inú èrò ìwòran dùn.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn ẹ̀. Lọ́dún 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ ẹ̀ nítorí eré Yorùbá Ronú. Kò torí ìyẹn pa dà sídìí iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó wá ibòmíì tó ti lè ṣeré. Nígbà tó yá, ó bọ́ sídìí fíìmù, Aiyé sì jáde lọ́dún 1979, nígbà tó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún. Ẹni tó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo sínú iṣẹ́ yìí ò ní pẹ́ jáde nínú ẹ̀.

Ojú ọ̀nà kékeré púpọ̀

Trevor Noah náà kọ́ wa nírú ẹ̀kọ́ yẹn. Ọdún 1984 ni wọ́n bí i. Kí ayé tó mọ̀ ọ́n, ó ti ta àwo orin ní Alexandra, ó sì ti ń lu àwo níbi àríyá. Ó kó ipa kékeré nínú eré Isidingo orí tẹlifíṣọ̀n, ó ṣe ètò lórí rédíò, ó ṣe olóòtú ètò tẹlifíṣọ̀n. Ó ń ṣe àwàdà níbikíbi tí wọ́n bá ti gbé maikirofóònù kalẹ̀. Ọdún 2009 ló ṣe The Daywalker. Ọdún 2012 ló dé orí ètò The Tonight Show ní Amẹ́ríkà, ó sì di olóòtú The Daily Show lóṣù September 2015.

Àwàdà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ nínú yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun ń pani lẹ́rìn-ín gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níwájú àwọn tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀. Bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín, á pa dà sílé, á gé ọ̀rọ̀ kúrò, á yí ìparí ẹ̀ pa dà, á sì tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Trevor Noah tún ní ohun kan tí àwọn ọmọ wa ní Johannesburg lè ní: ó gbọ́ èdè púpọ̀. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ isiZulu, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì jẹ́ kí Yorùbá bọ́ lẹ́nu òun, ìsọ̀ mẹ́ta ló ní lọ́jà.

Igi gánganrán má gùn mí lójú

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́bùn ti ń ṣubú kì í ṣe orí ìtàgé. Ìdí ìwé àdéhùn ni. Ta ni kò mọ Moses Olaiya, Baba Sala? Kó tó di ọba aláwàdà, ó ti ní ẹgbẹ́ olórin tó jẹ́ pé inú ẹ̀ ni King Sunny Ade ti ṣiṣẹ́ rí. Ó fi owó ńlá ṣe fíìmù Orun Mooru lọ́dún 1982. Àfi bí àwọn ayédèrú ṣe gba iwájú ẹ̀, tí ẹ̀dà fíìmù náà sì gba ìgboro kan. Owó tó yẹ kó wọlé kò wọlé, gbèsè sì bò ó. Ẹ̀bùn ẹ̀ ò dín kù rárá. Ẹrù ẹ̀ ni wọ́n jí.

Ní South Africa níbí, ẹgbẹ́ SAMRO, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1961, ló ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tó ń ṣe orin nígbàkigbà tí wọ́n bá lo orin wọn ní gbangba. Àmọ́ ẹni tí kò bá forúkọ ara ẹ̀ àti orin ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí ló fẹ́ gbà? Bákan náà, ọmọ tí kì í ṣe ọmọ ìlú yìí gbọ́dọ̀ yẹ ìwé ìgbélùú ẹ̀ wò bóyá ó fàyè gbà á láti ṣiṣẹ́, kó tó lọ síbi tí wọ́n ti ń dán òṣèré wò.

Àbúrò mi obìnrin fojú winá lọ́wọ́ ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní aṣojú àwọn òṣèré. Ọkùnrin náà gba owó ìforúkọsílẹ̀, ó gba owó fọ́tò, ó tún gba owó ẹ̀kọ́, kò sì síṣẹ́ kankan tó wá. Ohun tó kọ́ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ yín: aṣojú tòótọ́ máa ń gba ìdá kan nínú owó tó bá bá yín wá. Tí owó bá ń ti ọwọ́ yín lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé, ẹ̀yin lọjà tó ń tà.

Oṣù tí kò sí eré

Iṣẹ́ yìí kò lówó oṣù. Eré lè gba oṣù mẹ́ta, kí oṣù mẹ́rin sì kọjá láìsí òmíì. Lóṣù March 2020, tí wọ́n sé gbogbo orílẹ̀-èdè yìí mọ́lé nítorí àrùn Kòrónà, gbogbo gbọ̀ngàn eré ló tì. Gbọ̀ngàn Fugard ní Cape Town, tó gbayì gan-an, kò ṣí mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tì í pa pátápátá. Àwọn tó rọ́ ọ dá ni àwọn tó ti tọ́jú owó pa mọ́ àti àwọn tó ní iṣẹ́ míì lọ́wọ́: ẹni tó ń kọ́ ọmọdé lórin, ẹni tó ń fi ohùn ka ìpolówó ọjà, ẹni tó ń rán aṣọ eré.

Nítorí náà, owó tó bá wọlé, ọ̀nà mẹ́ta ni ká pín in sí kó tó balẹ̀: owó oúnjẹ, owó orí tí SARS máa béèrè, àti owó oṣù tí kò ní sí eré. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ ló máa ròyìn owó ẹ̀ fún SARS. Kó ní ìwé kékeré tó ń kọ ọ́ sí.

Ẹ̀yin òbí ńkọ́?

Ẹ má sáré sọ pé rárá, ẹ má sì sáré ta ilẹ̀. Ẹ bá ọmọ yín jókòó, kẹ́ ẹ jọ ṣàdéhùn bẹ́ ẹ ṣe máa bá ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ṣàdéhùn. Ẹ dá àkókò fún un, bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Kó parí ìwé tó ń kà lọ́wọ́, torí kò sí ẹni tí ìwé ẹ̀rí ń dí lọ́wọ́ lórí ìtàgé. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ máa wo nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, ṣó máa ń kọ́ra nígbà tẹ́nikẹ́ni ò wo òun? Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ àríyá nìkan ló ń kọrin, ìgbádùn ló ń wá. Èkejì, ṣé ẹni tí kì í ṣe ẹbí tàbí ará ìjọ yín ti pè é lẹ́ẹ̀kejì? Ìpè àkọ́kọ́ lè jẹ́ ojú àánú. Ìpè kejì, iṣẹ́ ẹ̀ ló pè é. Ẹ̀kẹta, ṣó ń tètè dé? Àwọn tó ń ṣètò eré lè fara da ohùn tí kò tíì jinlẹ̀, torí wọ́n lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í dúró de ẹni tó ń pẹ́.

Tí nǹkan mẹ́ta yìí bá ń lọ síwájú lọ́dọọdún, iṣẹ́ lọmọ yín ní lọ́wọ́, bí owó ẹ̀ ò bá tiẹ̀ tíì pọ̀. Tí wọ́n bá dúró síbì kan fún ọdún mẹ́ta, ẹ lè sọ òótọ́ fún un pẹ̀lú ìfẹ́, kó sì máa fi ẹ̀bùn ẹ̀ dá ara ẹ̀ àti àwọn míì lára yá lópin ọ̀sẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn.

Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, tí owó bá wà, ẹ mú ọmọ náà lọ wo eré kan, ì báà jẹ́ ní gbọ̀ngàn ńlá tàbí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Tí eré bá parí, ẹ má tíì máa lọ sílé. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn òṣèré ń gbà jáde, kẹ́ ẹ jẹ́ kó bi ọ̀kan nínú wọn léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo lẹ tún ń ṣe?" Kó fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn yẹn. Bí inú ẹ̀ bá ṣì dùn nígbà tẹ́ ẹ bá délé, ẹ lè wá mú ìwé àti bírò, kẹ́ ẹ máa kọ àdéhùn yín.